Bàbá Ńlá Tó Pa Orúkọ Rẹ̀ Dà

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1965, Jack Kerouac, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri ayé, dé ìlú Paris láti wá orírun bàbá ńlá rẹ̀. Ìlú Lowell ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1922, ṣùgbọ́n Québec ní Kánádà ni wọ́n ti bí bàbá àti ìyá rẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n sì ń sọ nínú ilé. Jean Louis Kirouac ló wà nínú ìwé ìbí rẹ̀, Ti Jean ni wọ́n sì ń pè é nílé. Ó wọ ilé ìkàwé ìjọba Faransé, ó béèrè ìwé, ó tú u, kò rí nǹkan kan. Ó kọrí sí Brest ní ilẹ̀ Bretagne, ilẹ̀ tí àwọn àgbà ilé wọn máa ń sọ pé àwọn ti ṣẹ̀ wá. Ibẹ̀ náà, òfo ni. Ó kọ ìwé kékeré kan lórí ìrìn àjò ọ̀hún, Satori in Paris, tó jáde lọ́dún 1966. Nígbà tó fi kú lọ́dún 1969, kò tíì mọ ẹni tí bàbá ńlá náà jẹ́.

Kì í ṣe pé ìwé kò sí. Ìwé wà rẹpẹtẹ. Orúkọ tí Kerouac ń wá kiri ni ọkùnrin náà kò jẹ́ rí nígbà tó wà ní Faransé. Ìwé ìgbéyàwó kan wà ní Cap-Saint-Ignace, létí odò Saint-Laurent, tó fi hàn pé ó fẹ́ Louise Bernier lọ́dún 1732. Ọdún 1736 ló kú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan, Maurice-Louis ni. Nínú òmíràn, Alexandre ni. Orúkọ ìdílé náà kì í sì í jọra láti ojú ewé kan sí èkejì. Ó di ọdún 1990 síwájú kí àwọn olùwádìí, pàápàá Patricia Dagier tó jẹ́ ọmọ Bretagne, tó fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Urbain-François Le Bihan de Kervoac ni wọ́n sọ ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n bí i, ọmọ nótárì ọba ní ìlú Huelgoat sì ni. Ní nǹkan bí ọdún 1720, wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án níbi ìgbéyàwó kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí pòórá ní Bretagne, oníṣòwò kan tó ní orúkọ mìíràn sì yọ ní Kánádà.

Ọ̀ràn ti Kerouac le ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, nítorí bàbá ńlá tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fara pamọ́ ni. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tọpa àwọn ará Faransé tó lọ tẹ̀dó sí ilẹ̀ òkèèrè láàárín 1600 sí 1800, yálà ní Kánádà, ní Acadie, ní Louisiana tàbí ní àwọn erékùṣù Caribbean, yóò bá nǹkan méjì pàdé: àkọsílẹ̀ tó pọ̀ débi ìyanu, àti orúkọ tí kì í dúró sójú kan. Bí ó bá ń wá orúkọ nìkan, yóò ṣìnà. Èèyàn ló yẹ kó máa wá: ta ni ìyá rẹ̀, ta ló fẹ́, ta ni bàbá ìsàmì rẹ̀, ilẹ̀ wo ló ń ro, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

Ìwé náà ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́dún 1539, Ọba François Kìíní ṣe òfin ní Villers-Cotterêts pé kí àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bá sàmì fún. Lọ́dún 1667, Louis Kẹrìnlá fi kún un pé kí wọ́n máa kọ ìwé ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní ẹ̀dà méjì: kí ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí èkejì wà ní ilé ẹjọ́. Àṣà yìí bá àwọn àlùfáà sọdá òkun. Samuel de Champlain tẹ ìlú Québec dó lọ́dún 1608. Louis Hébert àti ìyàwó rẹ̀, Marie Rollet, kó àwọn ọmọ wọn débẹ̀ lọ́dún 1617. Nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà lọ́dún 1640 tí ìwé ìsàmì sì jóná mọ́ ọn, àwọn àlùfáà ò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Wọ́n tún ìwé náà kọ láti inú ohun tí àwọn èèyàn rántí. Àwọn tó ń gbé Québec nígbà náà ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, olúkúlùkù sì mọ ẹni tó bí ọmọ àti ẹni tó gbé e lọ́wọ́ níwájú àlùfáà.

Lọ́dún 1666, Jean Talon tó ń ṣàkóso fún ọba ka gbogbo àwọn ará Faransé tó wà ní Kánádà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé igba àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn, 3,215, ló rí, ó sì kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Cyprien Tanguay rìn láti ìjọ dé ìjọ, ó sì so àwọn ìdílé náà pọ̀ sínú ìwé onípele méje tó jáde láàárín 1871 sí 1890. Láti ọdún 1966 ni Yunifásítì Montréal ti ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń so ìwé ìsàmì ọmọ mọ́ ìwé ìgbéyàwó òbí, tí wọ́n sì ń so èyí mọ́ ti òbí àgbà. Ìdí nìyí tí ọmọ Québec lásán, tí kì í ṣe ọmọ ọba tàbí ìjòyè, fi lè ka ìran rẹ̀ dé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ ya àwọn àlejò lẹ́nu nínú ìwé wọ̀nyí ni ti obìnrin. Láàárín 1663 sí 1673, ọba Faransé fi bíi 800 ọ̀dọ́bìnrin ránṣẹ́ sí Kánádà láti di ìyàwó àwọn ọkùnrin tó ti wà níbẹ̀. Ọba ló san owó ọkọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rí owó ìgbéyàwó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Ọmọbìnrin Ọba. Wọ́n lọ́kọ, ọkọ kú, wọ́n tún fẹ́ òmíràn, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta. Síbẹ̀ orúkọ tí bàbá wọn fún wọn ni àlùfáà àti nótárì ń kọ, láti ọjọ́ ìsàmì títí dé ojú oórì. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa wá ìyàwó pẹ̀lú orúkọ ọkọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa, kò ní rí i. Ẹni tó bá mọ àṣà Faransé yìí ní àǹfààní ńlá, nítorí ìlà ìyá rọrùn láti tọ̀ bí ìlà bàbá. Àṣà náà ò sì kú: láti ọdún 1981, òfin Québec ní kí obìnrin tó lọ́kọ máa fi orúkọ tí wọ́n bí i mọ́ ṣe gbogbo ètò rẹ̀.

Ní ti àwọn ọkùnrin, wàhálà ńlá ni inagijẹ.

Lọ́dún 1665, bíi 1,200 ọmọ ogun ẹgbẹ́ Carignan-Salières gúnlẹ̀ sí Kánádà láti bá àwọn Iroquois jagun. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, bíi 400 nínú wọn dúró, wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n fẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí a sọ̀rọ̀ wọn tán yìí. Àṣà ọmọ ogun Faransé ni pé kí olúkúlùkù ní orúkọ ogun. Òmíràn ń jẹ́ La Fleur, ìyẹn Òdòdó. Òmíràn La Jeunesse, ìgbà èwe. Òmíràn Sans-Souci, ẹni tí ò ní àníyàn. Ẹnìkan á máa jẹ́ Vadeboncoeur nítorí pé tayọ̀tayọ̀ ló fi ń rìn, ẹlòmíràn á máa jẹ́ Tranchemontagne, ọkùnrin tó lè la òkè sí méjì. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ogun náà ní tiwọn. Wọ́n lè pe ènìyàn ní Langevin nítorí pé Anjou ló ti wá, tàbí Le Parisien nítorí Paris. Orúkọ àbísọ bàbá lè di inagijẹ ọmọ; orúkọ oko pẹ̀lú lè di ti olóko. Nínú ìwé, akọ̀wé á kọ orúkọ ìdílé, á fi ọ̀rọ̀ kékeré náà, dit, tẹ̀ lé e, tó túmọ̀ sí "tí à ń pè ní", kó tó wá kọ inagijẹ.

Bí inagijẹ bá bá ẹni tó ni ín kú, ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ máa ń jogún orúkọ méjèèjì, kálukú a sì mú èyí tó wù ú. Pierre Hudon, tí à ń pè ní Beaulieu, wà lára àwọn tó tẹ̀dó ní ayé ìgbà náà. Lónìí, àwọn Hudon wà ní Québec, àwọn Beaulieu wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọmọ bàbá kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè kúrò nílé kan náà, kí ọ̀kan máa jẹ́ Hudon, kí èkejì máa jẹ́ Beaulieu, kò sì sí ìjà kankan láàárín wọn. Ẹni tó bá ń bá ìlà Beaulieu bọ̀ sẹ́yìn yóò kàn rí i pé orúkọ náà dópin láìsí àlàyé. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti wo orúkọ ìyá inú ìwé ìsàmì, kó wá ìgbéyàwó rẹ̀, kó sì wo ohun tí wọ́n pe ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìró ohùn náà máa ń sọ orúkọ dà. Jean Guyon, bíríkìlà tó ń fi òkúta kọ́lé, ṣí wá láti ìlú Mortagne ní Perche lọ́dún 1634. Láàárín àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, Guyon di Dion ní ẹnu àti lábẹ́ kálámù. Céline Dion tí gbogbo ayé mọ ohùn rẹ̀ wà lára ìran ọkùnrin náà. Zacharie Cloutier, káfíńtà tí òun àti Guyon jọ ṣe àdéhùn iṣẹ́, kò mọ̀wé kọ. Àwòrán àáké ló máa ń yà sábẹ́ ìwé dípò orúkọ. Àáké yìí ti ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́, torí pé akọ̀wé lè ṣi orúkọ kọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ Cloutier fúnra rẹ̀ ló ń ya àáké. Ẹ̀wẹ̀, ìdílé kan wà tí nǹkan rọrùn fún: Pierre Tremblay dé ní 1647, ó fẹ́ Ozanne Achon ní 1657, wọ́n bí ọmọ méjìlá, Tremblay sì ni orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jù lọ ní Québec lónìí. Òun nìkan ni bàbá ńlá gbogbo wọn.

Orúkọ ìsàmì ní ìdíwọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ tàbí ọjọ́ kejì ni wọ́n ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ẹni mímọ́ ni ìjọ sì fẹ́ kó jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ bàbá ìsàmì ni ọmọkùnrin ń jẹ́, ti ìyá ìsàmì ni ti obìnrin. Nítorí bẹ́ẹ̀, abúlé kan lè ní Jean-Baptiste mẹ́wàá. Bí ọmọ bá kú, wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ gan-an sọ èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Olùwádìí tí kò bá ka ìwé ìsìnkú á wá ka ọmọ méjì sí ẹyọ kan. Nígbà tó ṣe, ó di àṣà pé kí wọ́n kọ Joseph ṣáájú orúkọ gbogbo ọkùnrin, kí wọ́n kọ Marie ṣáájú ti obìnrin, láìsí ẹni tó máa fi pè wọ́n. Pierre Trudeau tó ṣe olórí ìjọba Kánádà, Joseph Philippe Pierre Yves Elliott ni wọ́n sọ ọ́. Jean Chrétien tó wà ní ipò yẹn lẹ́yìn rẹ̀, Joseph Jacques Jean ni. Ẹni tó bá ń wá "Joseph" kiri nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń wá gbogbo ọkùnrin ìlú.

Ní Acadie, tó jẹ́ Nova Scotia àti àyíká rẹ̀ lónìí, wọ́n rí ọgbọ́n dá sí i. Nígbà tí orúkọ kan náà bá pọ̀ jù, wọ́n á ka bàbá àti bàbá bàbá mọ́ ọn: Jean à Pierre à Charles, ìyẹn Jean ọmọ Pierre ọmọ Charles. Ìran mẹ́ta ló wà nínú ìkíni òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Lọ́dún 1755, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará Acadie kúrò lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì tú ìdílé ká sínú ọkọ̀. Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń kọ ìtàn ìdílé bọ̀wọ̀ fún: àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Grand-Pré gbé ìwé ìsàmì ìjọ wọn, Saint-Charles-des-Mines, dání nínú ìyà yẹn, títí ó fi dé Louisiana. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní, lọ́wọ́ ìjọ Kátólíìkì ti Baton Rouge.

Lára àwọn tó dé Louisiana ni Joseph Broussard, tí à ń pè ní Beausoleil, ajagun tó fi ìjà dá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́kun fún ìgbà pípẹ́. Ó kó bíi igba èèyàn dé ibẹ̀ ní 1765, ó sì kú lọ́dún kan náà. Àwọn olùwádìí so Beyoncé, olórin, mọ́ ìran rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Orúkọ tí Beyoncé fúnra rẹ̀ ń jẹ́, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ni. Ìyá náà, Tina Knowles, ti sọ ní gbangba pé bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà fún òun àti àwọn ọmọ ìyá òun yàtọ̀ síra, nítorí pé bó ṣe wu àwọn akọ̀wé ìwé ìbí ni wọ́n ń kọ ọ́, ẹni tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn kò sì lẹ́nu láti ní kí wọ́n tún un ṣe.

Àwọn ọmọ Québec tó lọ ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní New England náà rí irú rẹ̀. Boisvert di Greenwood, Roy di King, Leblanc di White, Lajeunesse di Young, Benoit di Benway. Nítòsí wa níhìn-ín pẹ̀lú, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ Yorùbá mọ́ra wọn lọ́wọ́ lọ́dún 1889, kálámù Faransé bọ́ sí Kétu, Sábẹ̀ẹ́, Pobẹ̀ àti Sákétẹ́. Ní apá ọ̀hún, Ajíbádé di Adjibadé, Adéṣínà di Adéchina, orúkọ ìdílé sì ń ṣáájú orúkọ àbísọ nínú ìwé. Ẹbí kan náà tí ààlà là sí méjì lè máà rí ara wọn nínú ìwé nítorí lẹ́tà d kan.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí a ti ń sọ, ti àwọn tí wọ́n ní òmìnira ni. Ní Saint-Domingue, tó di Háítì, ní Martinique, Guadeloupe àti Louisiana, àwọn tí Faransé kó lẹ́rú ló pọ̀ jù, òfin sì ni ó pinnu ohun tí wọ́n máa jẹ́. Òfin ọdún 1685 tí wọ́n ń pè ní Code Noir ní kí wọ́n sàmì fún gbogbo ẹrú. Wọ́n á fún un ní orúkọ kan, Jean tàbí Marie, kò sì ní orúkọ ìdílé. Ẹni tó bá ní àfikún, ti oko tàbí ti olówó rẹ̀ ni. Toussaint tó darí ogun òmìnira Háítì, Toussaint Bréda ni wọ́n ń pè é nítorí oko Bréda tí wọ́n bí i sí. Lọ́dún 1793 ló wá ń jẹ́ Louverture, orúkọ tó yàn fúnra rẹ̀. Jean-Jacques Dessalines ti jẹ́ Duclos, orúkọ olówó rẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó tó di ti èkejì.

Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira náà ò bọ́. Lọ́dún 1773, ìjọba Saint-Domingue pàṣẹ pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ìdílé òyìnbó kankan, kódà bí òyìnbó náà bá jẹ́ bàbá tó bí wọn. Orúkọ láti inú èdè Áfíríkà, tàbí láti inú iṣẹ́ wọn tàbí àwọ̀ wọn, ni kí wọ́n mú. Ìwà ìkà ni, ìfiniṣẹ̀sín sì ni ète rẹ̀. Olùwádìí òde òní gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, nítorí ìdílé kan lè yí orúkọ padà lójijì ní ọdún yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kú tàbí ṣí kúrò.

Ní Martinique àti Guadeloupe, láti 1839 ni ìjọba ti ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹrú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà sínú ìwé. Nígbà tí òfin oṣù Kẹrin ọdún 1848 wá fòpin sí oko ẹrú, bíi 160,000 èèyàn ní erékùṣù méjèèjì di ọmọ ìlú, ọmọ ìlú sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìdílé. Àwọn akọ̀wé jókòó, àwọn èèyàn tò, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: orúkọ ìlú, orúkọ ewéko, orúkọ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́, orúkọ tí wọ́n kàn da lẹ́tà rẹ̀ rú. Ìwé náà ṣì wà. Ẹni tó bá wá orúkọ ìdílé rẹ̀ débẹ̀ lè rí nọ́ńbà ẹrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ló sì máa gbé e rékọjá 1848 lọ sí oko tí ìyá ńlá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ wọ̀nyí ló wà ní ilé àkọsílẹ̀ ìjọba ní Aix-en-Provence, nítorí àṣẹ ọba kan ní 1776 pé kí ilẹ̀ òkèèrè kọ̀ọ̀kan máa fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí Versailles. A lè ka púpọ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan ti Saint-Domingue.

Nínú irú ìwé báyìí ni àwọn èèyàn tiwa wà. Nàgó ni àwọn Faransé ń pe Yorùbá, nígbà tí olóko bá sì kú, nótárì á ka dúkìá rẹ̀: ilé, màlúù, lẹ́yìn náà àwọn ẹrú, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, iye owó àti ẹ̀yà wọn. Gwendolyn Midlo Hall, onímọ̀ ìtàn ọmọ Louisiana, bá irú àkọsílẹ̀ yìí pàdé nínú ilé ẹjọ́ Pointe Coupée lọ́dún 1984. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó wọn jọ, títí orúkọ tó lé ní 100,000 fi wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fẹ́ tọ ìran Nàgó kan níbẹ̀ kò ní fi orúkọ ẹni náà bẹ̀rẹ̀. Orúkọ olóko ni yóò kọ́kọ́ wá, kó wá ọdún tó kú tàbí tó ta oko, kó wá nótárì tó kọ ìwé náà, kó sì ka àtòkọ ẹrú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó fi ọjọ́ orí àti orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n kọ tẹ̀ lé ìyá wé ti ìwé tó tẹ̀ lé e.